Amos Tútùọlá: Mẹ́séńjà tó sọ àlọ́ agbárí tó yá ara lò di ìwé tí gbogbo ayé ń kà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dàgbà lẹ́sẹ̀ àwọn òbí àgbà ló mọ àlọ́ ọmọbìnrin arẹwà tó kọ gbogbo ọkọ tí àwọn ẹbí rẹ̀ mú wá, tó wá lọ tẹ̀lé àjèjì kan láti ọjà, láìmọ̀ pé ẹ̀yà ara àyálò ni àjèjì náà fi ń dán. Àìmọye ìyá ló ti fi àlọ́ náà kìlọ̀ fún ọmọ wọn lálẹ́. Ẹni tó gbé e kúrò níbi iná alẹ́, tó fi í sínú ìwé tí àwọn ará London, Paris àti New York ń rà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, kì í sì í ṣe ọmọ olówó. Mẹ́séńjà ni ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, ìwé tó sì kà kò ju ti ọdún mẹ́fà lọ. Amos Tútùọlá ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1952 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London. Bí àwọn òyìnbó ti ń yìn ín ni ojú ń ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán, wọ́n ní àlọ́ lásán ló ń pa, wọ́n sì ní yóò mú kí òyìnbó rò pé òpè ni gbogbo ènìyàn dúdú. Ó tó ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹjọ́ náà tó dá, nígbà tó sì dá, Tútùọlá ló jàre.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1920. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ ìdílé wọn, Tútùọlá sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ bàbá rẹ̀, Charles, tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Esther Àìná, jẹ́ àgbẹ̀ onígbàgbọ́ tó ń dáko kòkó. Ilé onígbàgbọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayé àtijọ́ kò tíì jìnnà sí i nígbà náà. Bí wọ́n ti ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń gbọ́ ìlù egúngún, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, àlọ́ ni. Láti inú ayé méjèèjì yìí ni Tútùọlá ti bu gbogbo ohun tó kọ.

Owó kò sí nílé tó láti rán an ní ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tó ṣì kéré, wọ́n fi í fún ọkùnrin Ìgbò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, Ọ̀gbẹ́ni F. O. Monu, kí ó máa bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Dípò kí ọ̀gá náà máa san owó iṣẹ́ fún ọmọ náà, ó fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Salvation Army ní ọdún 1934. Nígbà tí iṣẹ́ gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Èkó, ó mú un dání, ọmọ náà sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tó wá sílé fún ìsinmi, ó kọ̀ láti padà, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà ní Aké, Abẹ́òkúta, tí bàbá rẹ̀ ń tiraka sanwó rẹ̀ láti inú oko.

Ní ọdún 1939, bàbá rẹ̀ kú lójijì. Kò sí ẹni tí yóò sanwó mọ́, ìwé kíkà parí síbẹ̀. Ó gbìyànjú láti fi oko dídá wá owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀ dáadáa, irúgbìn rẹ̀ kò sì ṣe é tà. Ó bá gba Èkó lọ láti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ogun àgbáyé kejì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Láti ọdún 1942 títí di 1945 ni Tútùọlá fi rọ irin fún wọn ní Èkó. Nígbà tí ogun parí, wọ́n dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, owó irinṣẹ́ kò sí. Ó ta búrẹ́dì, ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ mìíràn, níkẹyìn ni wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bíi mẹ́séńjà ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1947, ó gbé Victoria Àlàkẹ́ níyàwó.

Iṣẹ́ mẹ́séńjà, iṣẹ́ jíjókòó de ìgbà tí ọ̀gá bá pe ni. Ẹlòmíràn a máa fi àkókò bẹ́ẹ̀ tòògbé, ṣùgbọ́n Tútùọlá a máa mú ìwé àjákù tó wà lórí tábìlì, a máa kọ àlọ́ sí i. Láti ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ní apàlọ́. Ó tún rántí bàbá àgbàlagbà kan ní oko, tó máa ń sun iṣu fún un, tó máa ń bu ẹmu fún un, tó sì máa ń sọ ìtàn fún un lọ́jọ́ Ìsinmi. Láti ọ̀dọ̀ bàbá yìí ló ti gbọ́ ìtàn ọ̀mùtí tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Láàárín ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló kọ ìtàn náà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá jókòó tún un ṣe, tó sì fẹ̀ ẹ́ sí i.

Ìtàn ọ̀mùtí náà kò le láti tẹ̀lé. Ọmọ olówó kan wà tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko ọ̀pẹ tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un tó ń dá agbè ẹmu 150 láàárọ̀ àti 75 mìíràn lálẹ́. Bàbá kú, adẹ́mu náà sì já láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ẹmu tán nílé, àwọn ọ̀rẹ́ sì tán pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀mùtí bá kó oògùn tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ó di ọ̀nà ìlú àwọn òkú láti lọ mú adẹ́mu rẹ̀ padà wálé. Lójú ọ̀nà yìí ni ó ti bá ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó tẹ̀lé àjèjì pàdé, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ Tútùọlá ti dùn jù lọ nínú gbogbo ìwé náà.

Ọmọ olórí ìlú kan ni ọmọbìnrin náà, arẹwà ni, ọjà ló sì máa ń ná. Gbogbo ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ mú wá ló kọ̀. Ní ọjọ́ ọjà kan, ó rí ọkùnrin kan tí kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ó ga, ó sanra níwọ̀n, aṣọ tó wọ̀ kò ní ẹgbẹ́ lọ́jà. Tútùọlá ní bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń ta ènìyàn bẹ́ẹ̀ bí ọjà ni, kò ní dín ní ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà kìlọ̀ fún un pé kí ó padà sílé, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó, ọkùnrin náà yà sọ́dọ̀ ẹni tó yá a lẹ́sẹ̀, ó yọ ẹsẹ̀ òsì, ó dá a padà, ó sì san owó ìyálò rẹ̀. Ó dé ibòmíràn, ó yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nígbà náà ni ojú ọmọbìnrin náà là, tó fẹ́ sá padà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó lọ mọ́. Ikùn lọ, egungun ìhà lọ, àyà lọ, apá méjèèjì lọ, ọrùn lọ. Níkẹyìn, ó dá awọ àti ẹran orí padà fún ẹni tó ni ín, ó sì ku agbárí lásán tó ń fò lórí ilẹ̀.

Inú ihò ilẹ̀ ni agbárí náà àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé. Wọ́n so owó ẹyọ kan mọ́ ọmọbìnrin náà lọ́rùn, owó ẹyọ náà sì sọ ọ́ di odi. Bí ó bá gbìyànjú láti sá, owó ẹyọ á pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo igbó á gbọ́. Orí ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan ni wọ́n fi ṣe àga fún un. Báyìí ni ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójú ọjà ṣe di ẹ̀wọ̀n nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀mùtí ni bàbá ọmọ náà sáré lọ. Nígbà tí òun náà rí ọkùnrin pípé yìí lọ́jà, ó gbà nínú ara rẹ̀ pé òun kò lè dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Ó ní bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ sójú ogun, ọ̀tá kò ní lè pa á, bí ọkọ̀ òfurufú tó ń ju bọ́ǹbù bá sì rí i nínú ìlú, wọn kò ní lè ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù kò sí nínú àlọ́ tí àwọn àgbà ń pa. Alágbẹ̀dẹ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun òfurufú ló fi tirẹ̀ kún un, bí gbogbo apàlọ́ ti máa ń fi ohun tí ojú rẹ̀ rí kún ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ọ̀mùtí sọ ara rẹ̀ di aláǹgbá, ó tọpa agbárí dé ihò, ó sọ ọmọbìnrin náà di ọmọ ológbò kékeré, ó fi í sápò, ó sì di ẹyẹ, ó fò lọ. Ewé ni ó fi wò ó sàn, tí ohùn rẹ̀ fi padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, obìnrin tó ti sọnù sínú ihò sì di alábàárìn ọkọ rẹ̀, tó ń gbà á nímọ̀ràn títí wọ́n fi dé ìlú àwọn òkú.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti ń pa àlọ́ yìí. Ní ọdún 1910, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan, Elphinstone Dayrell, tẹ irú rẹ̀ jáde láti agbègbè Calabar nínú ìwé tó kó àlọ́ ilẹ̀ náà jọ. Nínú ti ibẹ̀, ìwà pẹ̀lẹ́ ni ọmọbìnrin náà fi bọ́. Ó tọ́jú ìyá agbárí tó ti darúgbó, ìyá náà sì fi ojú rere rán an padà sílé. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kí ọmọ gbọ́ ti òbí. Tútùọlá kò yọ ẹ̀kọ́ náà kúrò, ṣùgbọ́n ó fi àánú kún un. Lọ́wọ́ tirẹ̀, àṣìṣe ọmọbìnrin náà kò ba ayé rẹ̀ jẹ́ títí láé, àti ọkùnrin tó gbà á là pàápàá mọ̀ pé bí òun bá jẹ́ obìnrin, òun náà lè tẹ̀lé agbárí.

Ọ̀nà tí ìwé náà gbà dé òkè-òkun kò tọ́ rárá. Ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1948, Tútùọlá ti kọ ìtàn mìíràn nípa ọdẹ kan nínú igbó iwin, ó sì fi ránṣẹ́ sí Focal Press ní London, láìbìkítà pé ìwé nípa fọ́tò yíyà ni iléeṣẹ́ náà ń tẹ̀. Ó ṣèlérí pé òun yóò fi fọ́tò àwọn iwin náà kún un. Nígbà tí fọ́tò dé, àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà ni wọ́n fi kámẹ́rà yà. Iléeṣẹ́ náà ra ìwé náà ní owó kékeré nítorí ó yà wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1982 ni ìtàn náà tó rí ojú ayé, lọ́lá ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bernth Lindfors, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí nípa Tútùọlá.

Ìtàn ọ̀mùtí ní tirẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń tẹ ìwé àwọn onígbàgbọ́ jáde ní London. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá tiwọn mu, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nù. Wọ́n fi í ṣọwọ́ sí iléeṣẹ́ Faber and Faber, tó wà lára àwọn tó lórúkọ jù lọ nídìí ìwé títẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Faber ṣe ìwádìí lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọmọ Nàìjíríà kọ ọ́, wọ́n sì pinnu pé àwọn kò ní sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ di ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, wọ́n sì tẹ ojú ewé kan láti inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sínú ìwé náà, kí gbogbo ènìyàn lè rí àtúnṣe tí wọ́n ṣe.

Ní oṣù Keje ọdún 1952, akéwì ọmọ ilẹ̀ Wales tó gbajúmọ̀ nígbà náà, Dylan Thomas, yin ìwé náà gidigidi nínú ìwé ìròyìn Observer. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Tútùọlá ti di ohun tí wọ́n ń sọ kiri. Ní ọdún 1953, iléeṣẹ́ Grove tẹ̀ ẹ́ ní New York, òǹkọ̀wé ńlá Raymond Queneau sì tú u sí èdè Faransé ní ọdún kan náà. Kò pẹ́ tó fi dé èdè Jámánì, Ítálì àti àwọn èdè mìíràn. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń gbé fáìlì láti tábìlì kan dé òmíràn ní Èkó.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Láàárín ọdún 1953 sí 1954, lẹ́tà ń lu lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn West Africa. Àwọn kan ní kò yẹ kí wọ́n tẹ ìwé náà rárá, nítorí èdè inú rẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe Yorùbá. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, pé ohun tí gbogbo ọmọdé mọ̀ ni, àti pé ojú ẹsẹ̀ D. O. Fágúnwà, tó ti kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, ni ọkùnrin náà ń tọ̀. Àwọn kan tún ní ẹ̀gàn ni òyìnbó fi ń yìn ín, pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín òpè.

Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe kékeré. Ìjọba òyìnbó ṣì ń bẹ nígbà náà, òmìnira kò tíì dé, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n ka ilẹ̀ rẹ̀ sí ilẹ̀ tó tó ìjọba ara rẹ̀ ṣe kò fẹ́ kí wọ́n fi ìwé iwin àti agbárí júwe rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó pé ni ẹ̀rí ọ̀làjú lójú ọ̀mọ̀wé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà gbà pé ẹ̀wù àyálò kì í bá ni mu rẹ́gí. Tútùọlá yá Gẹ̀ẹ́sì lò, kò sì fi pamọ́ pé àyálò ni. Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ̀rọ̀ ló fi darí rẹ̀, ó rán an kí ó lè bá ara tirẹ̀ mu. Ohun tí àwọn kan pè ní àṣìṣe ni àwọn mìíràn padà wá mọ̀ sí ohùn apàlọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà dun Tútùọlá, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Onítìjú ènìyàn ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìwé òun kò pọ̀, ó sì ní in lọ́kàn láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Síbẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1954, My Life in the Bush of Ghosts jáde, ìtàn ọmọdé kan tó sá fún ogun ẹrú wọ inú igbó iwin, tí kò sì rí ọ̀nà jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀mọ̀wé Geoffrey Parrinder, tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn nígbà náà, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ní 1955, ó kọ ìtàn Simbi, ọmọ olówó tó fẹ́ mọ bí ìyà ti ń rí. The Brave African Huntress tẹ̀lé e ní 1958, Feather Woman of the Jungle ní 1962, Ajaiyi and His Inherited Poverty sì jáde ní 1967.

Òkìkí kò sọ ọ́ di olówó. Ní ọdún 1956, lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ mẹ́ta ti jáde ní London, ó wọ iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò ìjọba, NBC, ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni wọ́n fún un. Níbẹ̀ ló ti ń ka ẹrù tó wọlé àti èyí tó jáde, ibẹ̀ náà sì ni àwọn òyìnbó tó ti ka ìwé rẹ̀ ti máa ń wá a rí, tí ẹnu sì máa ń yà wọ́n. Ìbàdàn ìgbà náà kún fún àwọn òǹkọ̀wé, nígbà tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní ọdún 1961, Tútùọlá wà lára wọn.

Ìbàdàn yìí náà ni ìtàn rẹ̀ ti rí èdè ìyá rẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olórí òṣèré orí ìtàgé tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àkókò náà. Ó sọ ìtàn ọ̀mùtí di eré Yorùbá tó kún fún orin àti ijó, àwọn ènìyàn sì kọ́kọ́ wò ó ní ọdún 1963. Demas Nwoko ló ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣe Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, ó sì yí ìtàn náà padà díẹ̀, tó jẹ́ pé ojú àlá ni gbogbo ìrìn àjò náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì ló rí adẹ́mu, agbárí àti ìlú àwọn òkú lójú korokoro. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé Tútùọlá ń tàbùkù Yorùbá lójú òyìnbó wá rí Yorùbá tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Èrò àwọn ọ̀mọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Èyí tó lágbára jù nínú ẹ̀rí wọn wáyé ní oṣù Keje ọdún 1977, nígbà tí Chinua Achebe sọ̀rọ̀ ní gbangba ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí The Palm-Wine Drinkard. Achebe ṣàlàyé pé ìwé náà kì í ṣe àlọ́ ìpanilẹ́rìn-ín lásán. Ó ní ìwé náà ń bi ènìyàn léèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe fàájì láìṣiṣẹ́, àti pé ìyà ọ̀nà jíjìn tó jẹ ọ̀mùtí ni iṣẹ́ tó kọ̀ láti ṣe nílé. Nígbà tí irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè bu Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, dìde gbèjà mẹ́séńjà àtijọ́, ariwo àwọn tó ń tijú rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Iyì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án nígbà tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ní ọdún 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á gẹ́gẹ́ bí olùṣèwádìí àlejò, ọkùnrin tí ìwé rẹ̀ kò kọjá ọdún mẹ́fà sì jókòó láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní 1981, The Witch-Herbalist of the Remote Town jáde. Ní ọdún yìí kan náà ni àwọn olórin méjì, Brian Eno àti David Byrne, fi orúkọ ìwé rẹ̀ kejì sọ àwo orin tí wọ́n gbé jáde. Ní 1983, ó lọ sí Amẹ́ríkà fún ètò àwọn òǹkọ̀wé àgbáyé ní Yunifásítì Iowa. Ní 1986, ó kó àlọ́ Yorùbá jọ sínú ìwé kan tí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀, ní 1987 ni Pauper, Brawler and Slanderer dé, ìwé rẹ̀ tó kẹ́yìn, The Village Witch Doctor and Other Stories, sì jáde ní 1990.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ló pín ara rẹ̀ sí. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà bá a fínra lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, owó ìwé tó sì ti kọ́kọ́ gbayì lágbàáyé kò tó gbé e bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1997, ó jáde láyé ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ẹni ọdún 77. Àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè kéde ikú rẹ̀, bí wọ́n ti kéde ìwé rẹ̀ ní ọdún márùndínláàádọ́ta ṣáájú.

Lára àwọn ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ọ̀pọ̀ wà ní ilé ìkówèésí Harry Ransom ní Yunifásítì Texas, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn pẹ̀lú ti àwọn òǹkọ̀wé ńlá ayé. Nígbà tí Faber tún The Palm-Wine Drinkard tẹ̀ ní ọdún 2014, Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tirẹ̀, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Àwọn òǹkọ̀wé òkèèrè a máa tún àlọ́ àtijọ́ ilẹ̀ wọn kọ di ìtàn ìfẹ́ tó kún fún ẹ̀rù, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rà á lọ́pọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó kan láti Abẹ́òkúta ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1952, pẹ̀lú àlọ́ tí kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òbí tó bá ṣì ń pa àlọ́ náà fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́ kò ní láti tijú rẹ̀ mọ́.